Ẹni Tó Di Àkàbà Mú

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àríkẹ́ ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni iná ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Apá ọ̀tún bùbá ọkọ rẹ̀ ti jọ̀lọ̀, apá òsì ṣì rún. Aṣọ funfun ni, òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Láti ọjọ́ Ajé ló ti pa aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ tì nítorí ẹ̀, tí àwọn ìyá wọn sì ń pè é lórí fóònù ṣáá. Ó tún ti rẹ ẹ̀wà, ó ti bó o, ó ti lọ̀ ọ́, torí mọ́ínmọ́ín ni Ọládipúpọ̀ ní òun máa jẹ tí òun bá ti ibi àwọ́ọ̀dù dé. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo èyí. Ẹnì kejì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sókè.

“Àríkẹ́, ṣé kí n sọ pé ‘àwọn adájọ́’ ni, àbí kí n sọ pé ‘ìgbìmọ̀’?”

“Sọ pé kí wọ́n mú iná wá.”

“Ọ̀rọ̀ gidi ni mò ń bá ẹ sọ.”

“Ọ̀rọ̀ gidi lèmi náà ń sọ. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá, Bàbá Pẹ̀lúmi.”

Oníròyìn ni Ọládipúpọ̀, ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti ń kọ ìròyìn fún Àfẹ̀mọ́júmọ́, ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe Àmì-Ẹ̀yẹ Kálámù fún àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń kọ ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló sì ti fi ọwọ́ òfo wálé, àfi báírò àti kàlẹ́ńdà tí wọ́n máa ń fún gbogbo ẹni tó bá wá. Lọ́dún yìí, ó wọ àárín àwọn mẹ́ta tó kù, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ pé tirẹ̀ ni. Èèyàn méjì ni káàdì náà pè. Àríkẹ́ ti fi ìyókù aṣọ funfun náà rán bùbá tara rẹ̀, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kò tíì ka ìròyìn náà ṣá o. Ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ilé kan ní Mushin ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kù ni ìwé ìròyìn máa ń kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn débi pé kò síbi tí wọn máa gbé bàtà sí, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí ìròyìn yẹn jáde, ẹ̀dà kan ò wọlé. Àríkẹ́ ò fura. Obìnrin tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ìgbà wo ló fẹ́ máa ka iye ìwé ìròyìn tó wọlé?

Nígbà tí iná lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó pòṣé, ó kó aṣọ àti áyọ́ọ̀nù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bright. Bright ń gẹ irun níwájú ilé wọn, òun nìkan ló sì ní jẹnẹrétọ̀ tó ṣeé gbára lé. Bó ṣe rí i ló pariwo.

“Mummy Pẹ̀lú! Congratulations o! Wọ́n ti gbé Daddy Pẹ̀lú sórí Facebook. Ẹ wá wò ó!”

Ó na fóònù sí i. Àwòrán Ọládipúpọ̀ ló wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò tí ì bá ìyàwó jà rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé àwòrán ògiri ilé kan sí. Àríkẹ́ fẹ́ràn àwòrán náà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí okùn aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, ó rí kọ́tìnì olódòdó pupa rúsúrúsú tí wọ́n sá sórí rẹ̀, ó sì rí i pé etí kan kọ́tìnì náà, òwú àwọ̀ ewé ni wọ́n fi rán an. Òun ló rán an. Òwú pupa ló tán lọ́jọ́ náà.

“Bright, ilé ta nìyí?”

Bright rẹ́rìn-ín. “Mummy, na our house nau. Ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ẹ ò mọ̀ ni? Láti àná ni gbogbo ayé ti ń pín in kiri.”

“Ìròyìn tó kọ, ṣé ó wà níbẹ̀?”

Bright wá a jáde fún un. Àríkẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé etí ṣòkòtò, ó di fóònù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìròyìn náà dùn. Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n kọ. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé kan lápá Mushin pé kò dára fún gbígbé mọ́, pé ògiri ẹ̀yìn ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì náà ni àwọn ayálégbé dáwó jọ, tí wọ́n ra ọ̀dà kírímù, tí wọ́n fi kùn ún bò. Ó kọ ọ́ pé kì í ṣe pé orí wọn dàrú: ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá kan ṣoṣo báyìí, owó ọdún méjì ni lánlọ́ọ̀dù máa bèèrè, ẹjẹ́ntì á gba tirẹ̀, lọ́yà á gba tirẹ̀, kí ẹni náà tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Ó wá kọ ọ́ báyìí pé: “Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ kunlékunlé ló gun àkàbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ò sí lẹ́nu iṣẹ́.”

Àríkẹ́ kà á dé ìparí. Ó padà sókè, ó tún ibẹ̀ kà. Ohun kan ló ń wá, kò rí i.

“Mummy, aṣọ ń jó o!”

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Etí ṣòkòtò náà lẹ́yìn ti pọ́n, kò ju bí àtàǹpàkò lọ. Lọ́jọ́ mìíràn ì bá ti pariwo. Ó ká aṣọ náà, ó gòkè lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ torí páálí lásán ló wà láàárín yàrá wọn àti ti Síkírù.

“O ní ilé kan ní Mushin ni.”

Ọládipúpọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ó ká bébà ọwọ́ rẹ̀ sí méjì. “Mo yí àdúgbò padà kí wọ́n má bàa dá wa mọ̀ ni. Àwọn tó ṣe pósítà ló lọ lo fọ́tò yẹn, mi ò ní kí wọ́n lò ó.”

“Ta ló ya fọ́tò?”

“Àríkẹ́, èwo ni irọ́ nínú ohun tí mo kọ? Fi irọ́ kan hàn mí.”

“Mi ò ní o parọ́. Mo ní ó kù.”

“Kí ló kù?”

“Ta ló di àkàbà mú?”

Ọládipúpọ̀ tún ká bébà náà sí mẹ́rin.

“Síkírù ló gun àkàbà, o kọ ìyẹn. Ta ló dì í mú nísàlẹ̀? Ta ló lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn pé, ‘Síkírù, dìde, jẹ́ ká tètè ṣe é kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé’? Èmi tí mo lọ ra ọ̀dà, ta ló rán mi?”

“Oníròyìn kì í fi ara rẹ̀ sínú ìròyìn. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Gbogbo àgbáyé ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.”

“Gbogbo àgbáyé. Ó dáa. Kunlékunlé mélòó ló ń gbé nínú ilé yìí?”

Láti ara páálí, wọ́n ń gbọ́ Síkírù tó ń kọrin, tó ń da omi sára ẹsẹ̀, ó ń múra fún Jímọ́ọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kunlékunlé tó wà nínú ilé yẹn.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò ńlá nísàlẹ̀, àti ohùn Ọláṣùpọ̀, ẹjẹ́ntì lánlọ́ọ̀dù, tó ń pè wọ́n jáde ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́rin ló wá, ọlọ́pàá méjì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n mú ṣéènì, wọ́n mú àgádágodo, wọ́n sì mú ọ̀dà pupa. Obìnrin kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ ti ha, ló ṣáájú wọn. Ọláṣùpọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìròyìn Ọládipúpọ̀ ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n sì ti fa ìlà sábẹ́ àwọn ibì kan.

“Ẹ wò ó, mà,” Ọláṣùpọ̀ ń sọ, “lánlọ́ọ̀dù ò mọ nǹkan kan. Bàbá arúgbó ni, Ìjẹ̀bú ló wà. Àwọn ayálégbé ló ń kùn ún bò, ó wà nínú ìwé ìròyìn, ẹnikẹ́ni lè kà á.”

Ọláṣùpọ̀ yìí kan náà ló wá bá wọn lẹ́yìn àmì pupa àkọ́kọ́, tó ní, “Ẹ wá nǹkan ṣe sí ògiri yẹn o, kí ẹ má lọ kó wa sí wàhálà.” Òun náà ló fi owó kún owó ilé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àríkẹ́ ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un.

“Ta ni kunlékunlé?” ni obìnrin náà bèèrè.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu nígbà mìíràn. Gbogbo ilé wo Síkírù kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ń wò ó. Ó dúró pẹ̀lú jàlámíà àti fìlà, omi ṣì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ń kùn fún ilé-ìwé kan ní Yaba sì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Ọládipúpọ̀ bọ́ sí àárín wọn. Ó ti wọ aṣọ funfun. “Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Oníròyìn lèmi. Èmi ni mo kọ ìròyìn tó wà lọ́wọ́ yẹn.”

Ojú obìnrin náà là. “Ẹ̀yin ni? Ha, ẹ kú iṣẹ́ o, sà! Ọ̀gá wa rí i lórí fóònù lánàá, ó dá ògiri yìí mọ̀, òun ló ní a ò gbọdọ̀ sùn kí a tó wá síbí. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.”

Ìbùkún yẹn ló pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n mú Síkírù lọ síbi mọ́tò. Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ jàlámíà rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kó kírun ná. Nígbà tí Síkírù fẹ́ wọ mọ́tò, ó yíjú padà. Kì í ṣe Ìdíátù ló bá sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ síbi àwọ́ọ̀dù yín o. Kò sí wàhálà. Ẹ má pẹ́.”

Wákàtí kan ni wọ́n fún ilé láti kó ẹrù. Ìdílé mẹ́jọ! Bẹ́ẹ̀dì ń fi ẹsẹ̀ há àtẹ̀gùn, ìkòkò ń gbá èèyàn lórí, àwọn ìyá ń pe ara wọn lórúkọ tí kò dáa nítorí ta ni kó kọ́kọ́ kọjá. Àríkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ ló jọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ ń gbé e pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó na apá rẹ̀ síwájú kí gírísì má bàa kan aṣọ funfun. Àríkẹ́ rí i. Nígbà tí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí etí títì, Ọládipúpọ̀ wo aago.

“Gbà mí gbọ́, Àríkẹ́. Tí mo bá lọ, mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Èèyàn ńláńlá máa wà níbẹ̀, kọmíṣánnà máa wà níbẹ̀. Ẹnu gbohùngbohùn ni màá ti sọ̀rọ̀ Síkírù. Wọ́n á tú u sílẹ̀ kí n tó délé.”

“Wàá sọ ọ́?”

“Màá sọ ọ́.”

“Gbogbo rẹ̀? Títí kan àkàbà?”

“Ahn-ahn, Àríkẹ́. Mo ní màá sọ ọ́.”

Àríkẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ gbà á gbọ́, ìyẹn ló ń bí i nínú jù. “Máa lọ,” ó ní. “Èmi máa jókòó ti ẹrù.” Bùbá funfun tirẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n fi ṣéènì ti géètì pa. Ó ti gbàgbé rẹ̀ sókè.

Báyìí ni àwọn èèyàn ilé náà ṣe jókòó sí etí títì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ́sàn-án gangan, lórí mátírẹ́ẹ̀sì, lórí àga, lórí ìdìpọ̀ aṣọ, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń kí wọn kú ìjókòó. Ẹ̀wà tí Àríkẹ́ lọ̀ ti ń kan díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn. Kí ló fẹ́ ṣe sí i? Ó tan sítóòfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó po mọ́ínmọ́ín, ó gbé e kaná. Mọ́ínmọ́ín àjọyọ̀ wá di oúnjẹ àwọn tí wọ́n lé jáde nínú ilé. Wọ́n jẹ ẹ́ ṣá. Ebi ò mọ ẹni tó jẹ̀bi.

“Ó dùn o, Ìyá Pẹ̀lúmi,” ni ìyá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ sọ. “Ata rẹ̀ gún régé. Ẹ bá wa kí bàbá náà pé ẹ̀bùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú tiẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kó jẹun, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀,” ẹlòmíràn dá a lóhùn.

“Ta ló ní ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé mo bú u ni? Mo ní ata gún régé.”

Àríkẹ́ gbé méjì sínú àwo lọ fún Ìdíátù. Ìdíátù gba àwo náà, ó dúpẹ́, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà ọkọ rẹ̀ tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, Pẹ̀lúmi ti iléèwé dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní títì, ó rí ṣéènì lára géètì, ó rí ìyá rẹ̀ lórí àpótí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀ ló kọ́kọ́ jáde.

“Mọ́mì, ṣé Dádì ti gbà á?”

Bright ló gba Àríkẹ́ sílẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ jókòó sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. “Ó ti fẹ́ kàn án. Wọ́n ń fi hàn báyìí. Ẹ wá wò ó.”

Wọ́n wá, gbogbo wọn, títí kan ìyá tó sọ̀rọ̀ ata. Gbọ̀ngàn náà tutù lójú fóònù. Àwọn òǹkọ̀wé tó ti gba tiwọn jókòó síwájú pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn. Ẹni tó ń darí ètò náà ka orúkọ mẹ́ta, ó dá dúró, ó fi ìyà jẹ wọ́n díẹ̀, ó wá pe Ọládipúpọ̀. Pẹ̀lúmi fò sókè, ó pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bá a pa á. Ọmọ náà wo ojú gbogbo wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ọládipúpọ̀ dé ẹnu gbohùngbohùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, àti ìyàwó rẹ̀ àtàtà tí kò lè wá nítorí ọ̀ràn pàjáwìrì nílé. Àríkẹ́ fún ọwọ́ Pẹ̀lúmi mú. Ọládipúpọ̀ ní àwọ́ọ̀dù náà, ti àwọn mẹ̀kúnnù ni, tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn wọn.

“Ohùn ta ni wọn ò gbọ́?” ni ìyá ìsàlẹ̀ bèèrè. “Síkírù tó ń kọrin láti aago márùn-ún ìdájí.”

“Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́,” Àríkẹ́ sọ. Ó ń retí.

Ẹni tó ń darí ètò náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀, ìròyìn yìí jinlẹ̀. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ kọ ọ́. Báwo lẹ ṣe rídìí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀?”

Lójú fóònù kékeré yẹn, Àríkẹ́ rí ọkọ rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì di gbohùngbohùn mú. Sọ ọ́, ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀. Ọkọ mi, sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni.

“Oníròyìn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀,” ni Ọládipúpọ̀ sọ.

Gbọ̀ngàn hó yèè. Ó gba àwọ́ọ̀dù náà, díńgí tí wọ́n gé bíi kálámù ni, ó yí ẹ̀yìn padà láti sọ̀ kalẹ̀, Àríkẹ́ sì rí ibi tó pọ́n létí ṣòkòtò rẹ̀.

Ìdíátù dìde, ó so gèlè rẹ̀ le. Kò bínú, kò sunkún. “Àǹtí, ẹ bá mi wo ẹrù mi. Mò ń lọ sí ọ́fíìsì wọn.”

“Dúró dè mí,” Àríkẹ́ sọ. “Bright, ọmọ mi nìyẹn o.”

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ojú títì ńlá, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìdíátù la ẹnu lọ́nà, ó ní, “Kò tíì jẹun láti àárọ̀.”

Ọ́fíìsì náà gùn tóóró, bẹ́ǹṣì kan wà lára ògiri, fáànù kan ń ké lókè. Síkírù jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì náà, ó fi fìlà rẹ̀ sórí orúnkún. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ àárọ̀ jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé. Ó ní kí wọ́n jókòó, òun máa dá wọn lóhùn. Wọn ò tí ì jókòó pẹ́ tí Ọládipúpọ̀ fi wọlé. Ó gbé àwọ́ọ̀dù rẹ̀ dání, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Bright ló sọ ibi tí wọ́n wà fún un. Ó gbé àwọ́ọ̀dù náà lé bẹ́ǹṣì, ó tẹ̀ sẹ́tí ìyàwó rẹ̀.

“Wọn ò fún mi láàyè. Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.”

Àríkẹ́ ò wò ó. “‘Èmi ló dì í mú.’ Ṣé ìyẹn tó ìṣẹ́jú méjì?”

Obìnrin náà gbé ojú sókè. “Ó yá, kí lẹ fẹ́?”

Àríkẹ́ dìde. “Orúkọ mi ni mo fẹ́ kí ẹ kọ sílẹ̀, mà. Àríkẹ́. Èmi ni mo ra ọ̀dà. Kì í ṣe Síkírù nìkan. Gbogbo wa la dáwó, èmi ni mo lọ rà á.”

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó kọ ọ́. “Ta ló tún wà níbẹ̀? Mo rí ibi tí wọ́n kùn, ó ga. Ẹnì kan ò lè gun àkàbà dé ibẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú.”

“Kò sí ẹlòmíì, mà,” Síkírù yára sọ. “Mo fi ti ògiri ni. Ẹ̀gbọ́n ò sí níbẹ̀.”

Ta ló bi í nípa ẹ̀gbọ́n kankan? Obìnrin náà wo Síkírù, ó wo Ọládipúpọ̀. Ìdíátù tẹ orí ba.

Àríkẹ́ mọ̀ pé òun lè sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ ohun tó yẹ kó sọ fúnra rẹ̀: fún Ọláṣùpọ̀, fún tíṣà ọmọ, fún ìyá rẹ̀ tó bí i. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó di ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó sì jókòó. Fáànù ń ké. Síkírù ń yí fìlà rẹ̀ po lórí orúnkún, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ fún mi ní bébà,” ni Ọládipúpọ̀ sọ.

Bébà ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ ló wá yọ jáde nínú àpò. Kò dúró de ẹlòmíràn. Ó yí bébà náà sí ẹ̀yìn, ó dúró sídìí tábìlì, ó ń kọ ọ́. Àríkẹ́ na ọrùn láti ibi tó jókòó sí, ó kà á. “Èmi, Ọládipúpọ̀, ni mo ní kí Síkírù gun àkàbà náà. Èmi ni mo dì í mú. Èmi náà ni mo kọ ìròyìn, mo sì yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀.” Ó bu ọwọ́ lù ú, ó kọ déètì. Ní ọjọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ ṣe nǹkan tí Àríkẹ́ ò ní láti tún bá a ṣe.

Obìnrin náà kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀, ó ká bébà náà, ó sì dà á padà lé e lọ́wọ́.

“Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa wà ní gbọ̀ngàn yẹn lónìí, ó pàtẹ́wọ́ fún yín. Ṣé èmi ni màá wá kọ orúkọ yín sínú ìwé ọ̀daràn? Kí n lè pàdánù iṣẹ́ mi?” Ó fa ìlà gba orí orúkọ Àríkẹ́ kọjá. “Mi ò mọ̀ pé ìyàwó yín ni. Kunlékunlé á dúró títí di ọjọ́ Ajé, kí ọ̀gá dé. Ìyẹn ti tó. Ẹ mú madam dání, ẹ máa lọ sílé.”

Ọládipúpọ̀ ní, “Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, mo ní èmi ni.”

“Mo ti gbọ́, sà. Ẹ kú oríire o. Ẹ máa lọ sílé.”

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa fi sí. Àríkẹ́ gbé àwọ́ọ̀dù náà kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó sún mọ́ Ìdíátù títí èjìká wọn fi kanra.

“Ilé wo, mà?” ó bèèrè.